Ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́: Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ ní Ìta Gbangba

Ní ọdún 2023, àjọ UNESCO fi Ọdún Ṣàngó ti ìlú Ọ̀yọ́ kún àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá àgbáyé. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ọdún náà pẹ̀lú, kò sì sí owó ilé-ìwé níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ẹni tó bá dúró ti àwọn onílù yóò máa gbe orin, yóò sì máa fetí kọ́ èdè bàtá. Èdè náà le, ká má tan ara wa: dùndún a máa sọ̀rọ̀ geere, ṣùgbọ́n akólòlò ni bàtá. Etí tí kò bá bá a dàgbà, ariwo lásán ni yóò gbọ́. Bí àwọn ọmọdé kò bá wá, ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ lọ́la? Ẹ̀yin òbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí yín. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí wọ́n sún mọ́ ìyáàlù.