Èdè-Ìperí Nínú Iyàrá Àwọn Oníṣẹ́-Ọnà: Bí Ọ̀rọ̀ Tuntun Ṣe Lè Dé Orí Ìwé Láìyingin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òtítọ́ ni òwe yìí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ibi tí a ti ń ṣe ìwé, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a bá fi lé oníṣẹ́-ọnà lọ́wọ́ kì í di odindi lórí ìwé. Àbọ̀ náà ni a ó tẹ̀ jáde, àbọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì kà.

Àwa tí à ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí a máa jiyàn pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí a tó gbà á wọlé. Síbẹ̀ a kì í sábà ronú nípa ẹni tí yóò to ọ̀rọ̀ náà sí ojú-ìwé. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń ṣe ọnà ojú-ìwé ní láti jùmọ̀ ní èdè-ìperí kan fún iṣẹ́ tí ó pa wọ́n pọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun lè kú sí ojú ọ̀nà.

Láti Washington dé Ìwó

Yunifásítì Bowen, tí Àpéjọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Ìwó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002 lórí ilẹ̀ tí Baptist College wà tẹ́lẹ̀. Orúkọ Thomas Jefferson Bowen ni ó ń jẹ́. Míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà ni Bowen. Ó dé ilẹ̀ wa ní 1850, ó sì kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá, èyí tí Smithsonian Institution tẹ̀ jáde ní Washington ní 1858. Ẹ wo bí ọ̀nà ti jìn tó láàárín àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn àti àwọn tí ó to lẹ́tà ìwé náà!

Lónìí, yunifásítì tí ó bá ní ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọnà tirẹ̀ nínú ọgbà ti gé ọ̀nà náà kúrú. Olùkọ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn kí òwúrọ̀ tó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ra nìkan kò tó.

Orúkọ ìlú náà tó àpẹẹrẹ. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì kankan, ó lè jẹ́ ìwo orí ẹran, ìwọ tí à ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ̀ tí a fi ń pẹja, tàbí ìwọ́ ọmọ tuntun. Ará ìlú kò ní ṣìnà, nítorí ó ti mọ Ìwó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti mọ ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lánàá? Bí ìwé alẹ̀mógiri kan bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa agbára omi, tí gbogbo àmì rẹ̀ sì ti ṣí dànù, ẹni tí ó bá kà á lè rò pé àgbàrá tí ń wọ́ ilẹ̀ lọ ni à ń wí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ní ìrírí òǹkàwé lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tuntun kò ní olùgbèjà mìíràn ju àmì ara rẹ̀ lọ.

Àmì wo ni à ń wí?

Bí olùkọ́ èdè bá wí pé, "Ẹ fi àmì sí i," àmì ohùn ni ó ní lọ́kàn. Oníṣẹ́-ọnà lè rò pé àmì ìdánimọ̀ yunifásítì ni. Àwọn méjèèjì ń sọ Yorùbá, síbẹ̀ wọn kò gbọ́ ara wọn yé. Nítorí náà, mo dábàá pé kí a máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní odindi: àmì ohùn, àmì abẹ́ lẹ́tà, àmì ìdánimọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn wọ̀nyí kún un. Ojú-lẹ́tà ni ìrísí kan náà tí gbogbo lẹ́tà inú iṣẹ́ kan ní. Àlàfo ìlà ni àyè tí ó wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Etí ìwé ni ibi tí a fi sílẹ̀ lófìfo yí ọ̀rọ̀ ká. Ẹ̀dà àyẹ̀wò ni èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ kí a lè wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ní ti àwọ̀, "pupa" nìkan kò tó, nítorí epo, ẹ̀jẹ̀ àti osùn ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Kí a dárúkọ ohun tí ó jọ, tàbí kí a mú àpẹẹrẹ rẹ̀ dání.

Ohun tí lẹ́tà Yorùbá ń béèrè

Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 ti là wá lọ́yẹ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí lẹ́tà yóò ṣe jókòó lójú ìwé jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Èdè wa ní àmì lókè, ó sì ní àmì nísàlẹ̀. Bí àlàfo ìlà bá há jù, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ yóò kọlu àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè. Bí a bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ láti tẹnu mọ́ ọn, ìlà náà yóò gbé àmì abẹ́ lẹ́tà mì; ó sàn kí a mú lẹ́tà náà nípọn. Bí a bá fi lẹ́tà ńlá kọ àkọlé, kí a fi àyè sílẹ̀ lókè fún orí Ẹ̀ àti Ọ́.

Ìṣòro kan tún wà nínú kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ní láti so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Ojú-lẹ́tà tí a kò ṣe fún irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ̀rọ lọ yá lẹ́tà láti inú ojú-lẹ́tà mìíràn. Kí a tó yan ojú-lẹ́tà fún iṣẹ́ kan, kí a kọ́kọ́ fi gbogbo lẹ́tà alámì wa dán an wò.

Ojúṣe olùkọ́

Kí olùkọ́ gbé ọ̀rọ̀ tí ó ti parí, tí ó sì ní gbogbo àmì rẹ̀, lọ fún oníṣẹ́-ọnà. Kì í ṣe èyí tí yóò máa tún ṣe lójoojúmọ́. Kí ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun sí ìwé ọ̀tọ̀. Kí ó sọ ẹni tí yóò kà á, ibi tí yóò ti kà á, àti ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó. Kí ó sọ ìṣòro, kí ó sì fi ìwòsàn sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. "Ẹ mú lẹ́tà tóbi" kò wúlò tó "ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kò lè kà á."

Lẹ́yìn náà, kí a ka ẹ̀dà àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì: kí a kọ́kọ́ kà á fún ìtumọ̀, kí a sì tún kà á fún àmì nìkan. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó fọwọ́ sí i ní ìkẹyìn, kí àtúnṣe má baà wá láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn oníṣẹ́-ọnà kì í ṣe ẹni tí à ń ké sí nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ó yẹ kí wọ́n bá wa jókòó nígbà tí a bá ń jíròrò èdè-ìperí, nítorí àwọn ni wọ́n ń rí lẹ́tà tí yóò fọ́ kí ó tó fọ́. Ọ̀rọ̀ tí a dá ní ìpàdé ṣì jẹ́ ohùn lásán. Ìgbà tí ọmọ ilé-ìwé bá lè kà á lára ògiri, tí ó sì pè é bí a ṣe pè é, ni ó tó di ti gbogbo wa.