Pèrègún: Bí A Ṣe Ń Dá a Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín

Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí lórí ọfọ̀ tàbí ẹsẹ Ifá kò ní pẹ́ bá pèrègún pàdé. Àwọn ọlọ́fọ̀ a máa so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe 'pè', nítorí pé ewé tó ń pe irúnmọlẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Síbẹ̀, nínú àlàyé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, 'irú igi kan' ni a máa ń pè é, a ó sì kọjá lọ. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò tó, nítorí pé láti inú ìwà igi náà ni púpọ̀ nínú ìtumọ̀ tí àwọn Yorùbá fún un ti wá.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún pèrègún tí ó wọ́pọ̀ nínú ọgbà ni Dracaena fragrans. Linnaeus ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Aletris fragrans ní ọdún 1762; Ker Gawler sì gbé e sábẹ́ Dracaena ní ọdún 1808. Ọ̀rọ̀ Látìn náà, fragrans, ń tọ́ka sí òdòdó rẹ̀, tí ó máa ń là ní ìrọ̀lẹ́, tí òórùn dídùn rẹ̀ sì máa ń gba àyíká kan lóru. Ìbátan rẹ̀ kan, Dracaena arborea, máa ń di igi ńlá; pèrègún ni a ń pe òun náà. Orúkọ Yorùbá yìí gbòòrò ju orúkọ Látìn kan ṣoṣo lọ, nítorí náà kò yẹ kí a fi ọ̀kan dípò èkejì láìwo igi tí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí.

Ewé pèrègún gùn, ó ń dán, ó sì jọ ewé àgbàdo. Òmíràn gùn tó mítà kan. Kò ní ọrùn: ìdí ewé fúnra rẹ̀ ni ó fi gbá ara igi mú. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá gbó tí ó sì já, àpá rẹ̀ yóò yí ara igi po bí òrùka, ṣùgbọ́n ewé tuntun kì í dẹ́kun ní orí. Ìdí nìyí tí pèrègún fi ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ọyẹ́, nígbà tí àwọn igi mìíràn ti wọ́wé.

Igi tí ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni Cordyline fruticosa, tí ewé rẹ̀ sábà máa ń pupa tàbí kí ó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ọ̀nà jíjìn, ní apá Éṣíà àti Pàsífíìkì, ni ó ti wá. Ewé tirẹ̀ ní ọrùn tó hàn gbangba. Bí ojú kò bá dá a mọ̀, ẹ wa ilẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi èékánná ha gbòǹgbò: ti pèrègún máa ń ní àwọ̀ ọsàn tàbí ti ìyeyè, ti Cordyline sì funfun. Ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, peregum roxo ni àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń pe Cordyline yìí. Orúkọ wa ti nà dé orí igi mìíràn níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń fi ọ̀rọ̀ Bàhíà wé ti Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, a ó gé ọ̀pá tó gbó, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó ré ewé rẹ̀ kù, a ó sì ri ìdí rẹ̀ (ìdí ni mo wí, kì í ṣe orí) mọ́ ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Igi tí a bá bẹ́ lórí kì í kú. Ojú tuntun méjì tàbí mẹ́ta a yọ lábẹ́ ibi tí a gé. Àwọn tó ń gbìn ín sínú ìkòkò ní ilẹ̀ òkèèrè mọ̀ pé fluoride inú omi ẹ̀rọ máa ń jó ṣóńṣó ewé rẹ̀. Omi òjò ni ó dára fún un. Ajá àti ológbò kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Ìrọ̀rùn gbígbìn yìí ló sọ ọ́ di igi ààlà. Àgbẹ̀ tó ń pín oko kò nílò irúgbìn. Àdá àti ọ̀pá pèrègún ti tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí koríko bá ti gbẹ tán, ìlà tútù yẹn ni ojú yóò kọ́kọ́ rí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà, pèrègún wà lára ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí ń tọ́ka sí; bí katapílà bá wú u, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìtàn ilẹ̀ máa wò. Àwọn ọ̀pá tí a gé lára ìyá igi kan náà jẹ́ ọ̀kan náà ní àbínibí. Fífẹ̀ ewé wọn àti ìrísí òdòdó wọn yóò bá ara mu. Bí pèrègún mẹ́wàá bá tò lórí ìlà kan, tí mẹ́ta nínú wọn sì yàtọ̀ pátápátá, ẹ bi àwọn àgbà ìdílé méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà tí wọ́n gbin mẹ́ta yẹn.