Ṣakabùlà àti Ìbọn Ìléwọ́ Ayípo: Àlàyé Ìpìlẹ̀ lórí Ìbọn Ẹlẹ́tù Dúdú

Ìfáárà

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ìbọn ìléwọ́ ayípo ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú èyí tí a ní lọ́kàn ni èyí tí a ń fi ẹ̀tù dúdú, ọta òjé róbótó àti ìdérí bàbà kékeré yìn. A ó sì sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sún mọ́ ọn kọ́kọ́ mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí olùgbọ́ bi wá pé kí ni ó da ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa pọ̀ mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Àwọn tí ó ń ra ẹ̀dà ìbọn wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù lónìí ń fi owó àti ìwé kọ́ ohun tí ọmọ ọdẹ ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Sẹpẹ̀tẹ̀rí ń kọ́ lẹ́yìn baba rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí a nílò láti fi ṣàlàyé ìbọn náà, yálà ọ̀rọ̀ tàbí àfiwé, ti wà nínú iṣẹ́ ọdẹ Òkè-Ògùn. Ìdí kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ: òfin ilẹ̀ wa fa ìlà kan sáàárín ṣakabùlà àti ìbọn yìí, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ìlà náà gbà kọjá lè bá ara rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ. 'Ìbọn ìléwọ́' tí a ń lò ní ojoojúmọ́ kó gbogbo ìbọn kúkúrú pọ̀, ó sì ṣòro láti fi ya èyí tí a ń sọ sọ́tọ̀. A kò fara mọ́ 'oníhò mẹ́fà', nítorí pé oníhò márùn-ún wà nínú wọn. 'Ayípo' ni a yàn, nítorí pé yíyípo tí irin oníhò rẹ̀ ń yípo ni ó mú un yàtọ̀ sí gbogbo ìbọn tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀tù

Ohun mẹ́ta ni a ń pò pọ̀ tí ó ń di ẹ̀tù dúdú: èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọtásíọ̀mù náítíréètì. Èédú àti imí ọjọ́ ni ó ń jó. Iyọ̀ náà ni ó ń fún wọn ní atẹ́gùn tí iná nílò, ìdí nìyí tí ẹ̀tù fi lè jó nínú ihò ìbọn tí a ti dí pa. Bí ó bá ti jó tán, apá kan rẹ̀ a di èéfín, apá tí ó pọ̀ a sì di eérú tí ń lẹ̀ mọ́ irin. Eérú yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nítorí náà ni ìbọn tí a yìn ní ìrọ̀lẹ́ tí a kò sì fọ̀ fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, pàápàá ní ìgbà òjò.

(Ẹni tí ó bá ń kọ èdè wa láìfi àmì ohùn sí i kò ní mọ èyí tí a ń sọ ní Ìsẹ́yìn: ẹtu ń bẹ nínú igbó, ẹtù ń bẹ lórí òfì àwọn ahunṣọ, ẹ̀tù sì ń bẹ nínú àpò ọdẹ.)

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Ẹ̀tù tí ó wà nínú ọta ìgbàlódé, èyí tí kì í rú èéfín púpọ̀, kì í ṣe ẹ̀tù dúdú. Agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Bí a bá wọn ìwọ̀n kan náà sínú ṣakabùlà tàbí sínú ìbọn ayípo, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ẹni tí ó yìn ín lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá tú ọta ìgbàlódé láti fi ẹ̀tù inú rẹ̀ ki ìbọn baba rẹ̀ ń fi ojú àti ìka ọwọ́ rẹ̀ ta ayò.

Láti orí akọ òkúta dé orí ìdérí bàbà

Ní ara ṣakabùlà àtijọ́, akọ òkúta ni ó ń ṣáná. Bí ìka bá fa irin ìsàlẹ̀, òòlù kékeré tí ó di òkúta náà mú a já lu irin, ẹ̀ta iná a bọ́ sínú àwo kékeré tí a da ẹ̀tù díẹ̀ sí, iná a sì gba ihò tín-ín-rín wọlé bá ẹ̀tù tí ó wà ní ìdí ọ̀pá ìbọn. Ìṣòro méjì ni ó wà nínú ètò yìí. Òjò lè rin ẹ̀tù inú àwo. Èkejì ni pé iná a kọ́kọ́ bù yẹ̀rì lójú àwo kí ìbọn tó dún, àkókò kékeré yìí sì tó fún ẹran láti fò.

Ọ̀rọ̀ ẹran tí ó fò yìí gan-an ni ó bí ìdérí bàbà. Alexander John Forsyth, àlùfáà ìjọ ní Belhelvie nítòsí Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland, jẹ́ ọdẹ ẹyẹ. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ ń rí iná ojú àwo, wọ́n sì ń sá kí ọta tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wá lo irú èròjà kan tí ń bú bí a bá lù ú, láìsí iná rárá, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà ní 1807. Láàárín ọdún bí ogún sí i, àwọn ẹlòmíràn ti fi èròjà náà sínú ìdérí bàbà tí kò tó èékánná ọmọdé. A ń fi ìdérí náà dé ṣóńṣó irin oníhò kan. Òòlù a lù ú, a bú, iná a sì gba inú ṣóńṣó náà wọ ìdí ẹ̀tù. Kò sí àwo mọ́, kò sì sí yẹ̀rì. Ó wù wá kí a tẹnu mọ́ ọn pé ọdẹ ni ó ṣe é, kì í ṣe ọmọ ogun. Bí a bá sọ ìtàn yìí fún ọdẹ Òkè-Ògùn kan, kò ní nílò àlàyé ìdí tí àlùfáà náà fi ṣe ìyọnu tó bẹ́ẹ̀.

Ìbọn ayípo fúnra rẹ̀

Ní 1836 ni Samuel Colt gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ìbọn ìléwọ́ tí irin oníhò rẹ̀ ń yípo. Èyí tí ó ṣe ní 1851 àti èyí tí ó ṣe ní 1860, pẹ̀lú ti ilé-iṣẹ́ Remington, ni a lò jù nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti 1861 sí 1865. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé: ní 1860 sí 1862 ni ogun Ìjàyè, ogun ìlú Kúrunmí tí ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn ti wà lábẹ́ rẹ̀, ṣakabùlà sì ni igi lẹ́yìn ọgbà àwọn jagunjagun ibẹ̀. Ìgbà kan náà, ẹ̀tù kan náà, òjé kan náà. Nígbà tí ogun Kírìjì fi máa parí ní 1893, ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn ti dé ọwọ́ wa, ayípo ẹlẹ́tù náà sì ti di ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é.

Ohun tí ó jí i dìde ni ìfẹ́ ìtàn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Val Forgett ti ilé-iṣẹ́ Navy Arms ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ fún àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Gardone Val Trompia ní ilẹ̀ Ítálì pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà àwọn ìbọn wọ̀nyí. Aldo Uberti, tí ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1959, wà lára wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ti ń wá títí di òní.

Bí a ṣe ń ki ìbọn náà kò ní ṣe àjèjì sí ọdẹ. Ọ̀pá ìbọn kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ní: ẹ̀tù ni ó kọ́kọ́ ń wọlé láti ẹnu, àkísà tàbí òwú a tẹ̀ lé e, ọta a tẹ̀ lé òwú, òwú mìíràn a sì dí i kí ọta má baà yọ́ jáde. Ní ti ayípo, irin róbótó kan wà ní ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn, ihò mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀. A lè sọ pé ìdí ṣakabùlà mẹ́fà ni a so pọ̀ tí wọ́n ń pín ẹnu kan lò. A ń wọn ẹ̀tù sínú ihò kọ̀ọ̀kan láti iwájú, a ń gbé ọta róbótó lé e, a sì ń fi irin tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn tì í wọlé. Ọta náà gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ihò lọ. Fún ìbọn tí a ń pè ní .44, ọta .451 tàbí .454 ni a sábà máa ń lò, kí òjé baà fá yíká bí ó ti ń wọlé, kí ó sì dí ihò náà pátápátá. Àlàfo kò gbọdọ̀ sí láàárín ọta àti ẹ̀tù. Lẹ́yìn èyí ni a ń fi ọ̀rá dí ojú ihò. Ọ̀rá ẹran tàbí ti igi ni ó yẹ, irú èyí tí òrí wa jẹ́; epo inú ilẹ̀ máa ń di ọ̀dà pẹ̀lú eérú ẹ̀tù. Ìdérí bàbà ni ó ń kẹ́yìn ohun gbogbo, kò sì gbọdọ̀ ṣáájú.

Ewu tí ayípo ní tí ṣakabùlà kò ní ni pé iná ihò kan lè ràn mọ́ èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ihò méjì tàbí mẹ́ta dún lẹ́ẹ̀kan náà, ọta tí kò sì sí ọ̀pá ìbọn níwájú rẹ̀ a gba ibi tí ó bá wù ú. Ọta tí ó fún dáadáa àti ìdérí tí ó bá ṣóńṣó mu ni ààbò. Ó tún jẹ́ àṣà láti fi ihò kan sílẹ̀ láìki, kí òòlù sùn lé e lórí. Ewu tí ṣakabùlà ní ní tirẹ̀ ni kíki ní ìlọ́po méjì: ọdẹ a gbàgbé pé ìbọn ti ní ẹ̀tù nínú. Fún ìdí èyí ni ó fi dára kí a máa fi irin ìkibọn wo bí inú ọ̀pá ti jìn tó kí a tó ki ohunkóhun sí i.

Bí yíyìn bá parí, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni a fi ń fọ gbogbo rẹ̀, a ó nù ún gbẹ, a ó sì fi ọ̀rá pa á lára.

Irin àti òfin

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí kì í hàn sí ojú. Gbogbo ìbọn tí ó jáde ní Gardone ń gba ilé ìdánwò ìjọba kọjá. Níbẹ̀ ni a ti ń fi ẹ̀tù tí ó ju ìwọ̀n lọ yìn ín, èyí tí kò bá fọ́ ni a ń lu òǹtẹ̀ sí lára. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ wa ń rọ kò ní irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Páìpù omi ni àwọn kan fi ń ṣe ọ̀pá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò ṣe páìpù omi fún iná. Ní èrò tiwa, ilé ìdánwò bẹ́ẹ̀ kan ní Ṣakí yóò ṣe ọdẹ ní àǹfààní ju ìbọn tuntun èyíkéyìí lọ, àgàgà láti ìgbà tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2020, tí ọ̀pọ̀ ọdẹ sì ti di ẹ̀ṣọ́ ìlú.

Ẹnìkan lè rò pé ayípo ẹlẹ́tù ni yóò yẹ irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n bí ó ti lè dún ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Òfin Ìbọn ti 1959, tí ó jẹ́ orí F28 nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Ṣakabùlà, ìbọn gígùn alákọ-òkúta àti ìbọn gígùn onídèérí bàbà wà ní ìpín kẹta, èyí tí ọwọ́ òfin fúyẹ́ sí jù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbọn ìléwọ́, ayípo tàbí èyí tí kì í yípo, wà ní ìpín àkọ́kọ́, ìpín èèwọ̀, pẹ̀lú ìbọn àwọn ológun àti àdó olóró. Òfin náà dárúkọ ìbọn ìléwọ́ alákọ-òkúta àti onídèérí bàbà ní pàtó, kí ẹnikẹ́ni má baà wí àwáwí pé ohun àtijọ́ ni. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ka ẹ̀dà ìbọn ẹlẹ́tù wọ̀nyí sí ohun àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè rà á lọ́pọ̀ ibi níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a gbọ́dọ̀ gba ìwé ọlọ́pàá kí a tó ní in, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 1997 tí ó fi òpin sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn ìléwọ́ yọ èyí tí a ń ki láti ẹnu sílẹ̀. Ọmọ Òkè-Ògùn tí ó bá ti Amẹ́ríkà ra ọ̀kan láti fi ta baba rẹ̀ ọdẹ lọ́rẹ yóò máa pè é ní ṣakabùlà kékeré. Lójú òfin Nàìjíríà, ìbọn èèwọ̀ ni ó kó wọlé, baba tí ó bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ìwé àṣẹ Ààrẹ ti di arúfin pẹ̀lú rẹ̀.