Fífá Ara Kì Í Gba Ipò Oògùn Tánsíọ̀n

Ọ̀rọ̀ tánsíọ̀n, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, la tún gbé dé. Ìtọ́jú kan tó ti Ṣáínà wá la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Gua sha ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. "Gua" ni kí a fá nǹkan, "sha" ni àmì wínníwínní tó ń yọ lára. Wọ́n á fi òróró pa ọrùn, èjìká tàbí ẹ̀yìn aláìsàn, wọ́n á wá fi ìwo ẹfọ̀n tàbí òkúta tí etí rẹ̀ ń dán fá a wálẹ̀ léraléra, títí ara á fi pọ́n, tí àmì wínníwínní á yọ bí iyanrìn. Kò jọ gbẹ́rẹ́ tiwa, wọn kì í fi abẹ gé awọ. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà lábẹ́ awọ ló ń já. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, àmì náà á parẹ́.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó lè tú ọrùn tó gan, kí ara sì fúyẹ́. Ní Ṣáínà, wọ́n ti dán an wò fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Díẹ̀ nínú ìwádìí náà ní ẹ̀jẹ̀ tún wálẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n kéré, wọn ò tíì tó gbára lé. Ẹ sì gbọ́ ibí yìí dáadáa: kì í ṣe ohun tí a ń fi rọ́pò oògùn.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyí. Tánsíọ̀n kì í sábà dun ni. Èèyàn lè máa kọ ebè, kó máa ru ẹrù lọ sọ́jà, kí tirẹ̀ sì ti wà ní 17. Wọ́n bá fá a lẹ́yìn, orí fúyẹ́, ó sùn dáadáa, ló bá ní òun ti gbádùn, ó pa oògùn tì. Ara fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì tiwa bá ní "14 lórí 9", tí wọ́n sì sọ fún yín lódìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, pé "140 lórí 90", ohun kan náà ni. Bó bá ń tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń ru nìyẹn.

Aláboyún, ẹni tó ní egbò, àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n má gbà kí wọ́n fá wọn láì bi dókítà. Ẹnì kan, ìwo kan, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn kí ojú má rí i, àrùn ẹ̀dọ̀ sì lè gba ibẹ̀ ràn.

Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan kú, tí ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́, ẹ má wá ìwo, ẹ má wá òróró. Ọkọ̀ ni kí ẹ wá. Bí kò bá sí, zémidjan, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn dì í mú, ó di ọsibítù.