Oje Mẹ́rin Inú Ara: Ẹ̀kọ́ Àwọn Oníṣègùn Gíríìkì

Ẹni tí ó bá ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21 yóò rí i pé ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù gba Kósì kọjá. Ní erékùṣù náà ni a bí Hippocrates, ní nǹkan bí ọdún 460 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń wí pé òrìṣà ni ó ń fi wárápá kọlu ènìyàn, ìwé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ wí pé inú ara ni àìsàn náà ti ń wá, bí àìsàn yòókù. Èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú ara? Wọ́n ní oje mẹ́rin ni: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróǹro aláwọ̀ ìyeyè, àti òróǹro dúdú (èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí títí di òní). Bí wọ́n bá wà ní ìwọ̀n, ara a le. Bí ọ̀kan bá pọ̀ jù, àìsàn dé.

Galen, tí a bí ní ọdún 129 ní Pégámù, ọ̀kan nínú ìlú ìjọ méje inú Ìfihàn, ni ó fi ìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀. Ọ̀bọ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń là wò, kì í ṣe òkú ènìyàn. Àwọn tí ó tẹ̀lé e sì pín ìwà ènìyàn sí mẹ́rin: ọlọ́yàyà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, onínúfùfù, ti òróǹro aláwọ̀ ìyeyè, oníbànújẹ́, ti òróǹro dúdú, ẹni tí kì í kánjú, ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ wo ni a kò ti lè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ibi tí ewu wà ni ìtọ́jú. Bí ibà bá mú ènìyàn, wọn a ní ẹ̀jẹ̀ ni ó pọ̀ jù, wọn a sì la iṣan rẹ̀ kí ó lè dà jáde. Ní oṣù December 1799, ọ̀fun dun George Washington. A gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọjọ́ kan, alẹ́ ọjọ́ náà ni ó sì kú. A kò lè wí pé èyí nìkan ni ó pa á, ṣùgbọ́n ó dájú pé kò ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni William Harvey ti fi hàn láti ọdún 1628 pé ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ yí ara ká. Àwọn oníṣègùn gbà á gbọ́, wọn kò sì fi abẹ sílẹ̀.

Kíkà ni ó ṣẹ́gun. Ní Paris, Pierre Louis ka iye àwọn olótùútù-àyà tí ó yè àti àwọn tí ó kú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1835 pé èrè tí ó wà nínú gbígba ẹ̀jẹ̀ kéré púpọ̀ sí èyí tí a ń kọ́ni. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣà náà kásẹ̀ nílẹ̀. Lónìí, àwọn aláìsàn díẹ̀, bí àwọn tí irin pọ̀ jù nínú ara wọn, ni àwọn dókítà ṣì ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, pẹ̀lú ìwọ̀n.