Ọkùnrin Mẹ́fà Tí Kò Fi Ọ̀nà Àbọ̀ Sílẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn mẹ́fà rìn la ilẹ̀ kan já, ilẹ̀ tí kò sí ilé, tí kò sí igi, tí omi ibẹ̀ dì gbagidi bí òkúta, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ bèèrè ni bí wọn yóò ti ṣe padà bí nǹkan bá burú. Ní ọdún 1888, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Nọ́wè kan, Fridtjof Nansen, ẹni ọdún 26, pète ìrìn-àjò kan tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn rárá.

Greenland ni ó fẹ́ là já, erékùṣù ńlá ìhà àríwá ayé tí yìnyín bo gbogbo àárín rẹ̀. Àwọn kan ti gbìyànjú ṣáájú rẹ̀: Nordenskiöld ará Sweden ní 1883, àti Peary ará Amẹ́ríkà ní 1886. Ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ìletò wà, ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà le, wọ́n padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Nansen ní ìlà oòrùn ni òun yóò ti gbéra, níbi tí kò sí ìlú tí ọkọ̀ ń yà sí, kí ó lè jẹ́ pé iwájú nìkan ni ilé àti oúnjẹ wà. Àwọn kan pè é ní wèrè. Lójú tèmi, ìṣirò ni: ẹni tí ó ní ọ̀nà méjì yóò máa bojú wẹ̀yìn.

Ìjọba Nọ́wè kọ̀, wọn kò fún un lówó. Oníṣòwò kan ní Copenhagen ni ó fún un. Ìwé ìròyìn aláwàdà kan ní Bergen tilẹ̀ kéde pé Nansen yóò ṣe eré lórí yìnyín Greenland, pé inú ọ̀gbun ni ìjókòó àwọn òǹwòran wà, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ara rẹ̀ láàmú láti san owó àbọ̀.

Àwọn tí ó bá a lọ ni Otto Sverdrup, Oluf Dietrichson àti Kristian Kristiansen, tí wọ́n jẹ́ ará Nọ́wè bíi tirẹ̀, pẹ̀lú Samuel Balto àti Ole Ravna, ọmọ ẹ̀yà Sámì tí ń da ẹran tí ó jọ àgbọ̀nrín ní òkè àríwá. Ravna ti di baálé ilé. Ó ju Nansen lọ dáadáa ní ọjọ́ orí. Síkì ni wọn yóò fi rìn, èyí ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí a ń so mọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú òjò dídì. Àwọn fúnra wọn ni yóò sì máa fi okùn wọ́ ẹrù wọn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù July, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré méjì. Kí wọ́n tó dé ilẹ̀, yìnyín òkun há wọn mọ́, ó sì ń gbé wọn lọ sí gúúsù fún ọjọ́ 12. Balto àti Ravna rò pé ó ti parí. Wọ́n dùbúlẹ̀, Balto ń ka Májẹ̀mú Titun ní èdè wọn sí etí Ravna. Ta ni yóò bú wọn? Àwọn tí ó mọ òtútù láti inú oyún ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì mọ ohun tí ó lè ṣe fún ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ tán, wọ́n ní láti tún wa ọkọ̀ padà sí àríwá. Ọjọ́ 15 oṣù August ni wọ́n tó kọjú sí òkè yìnyín. Ìrìn náà ju 250 máìlì lọ, òkè náà sì ga ju 2,700 mítà. Lóru, òtútù a máa lọ sí bí 45 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àpò awọ méjì ni wọ́n ní láti sùn, ènìyàn mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ooru ara ẹnìkan lè ran ẹnìkejì lọ́wọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe òtútù ni ó kọ́kọ́ fẹ́ dá wọn dúró bí kò ṣe òùngbẹ. Ẹ gbọ́ ná: àwọn tí ó dúró lórí omi dídì tí kò lópin ni òùngbẹ ń gbẹ! Ọtí ìdáná tí wọ́n fi ń yọ́ yìnyín kéré, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lò. Nítorí náà olúkúlùkù wọn rọ òjò dídì sínú agolo pẹlẹbẹ, ó fi sábẹ́ aṣọ ní àyà rẹ̀, ooru ara rẹ̀ a sì yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Ebi tí ó pa wọ́n náà ṣàjèjì. Ẹran gbígbẹ tí wọ́n rà kò ní ọ̀rá, ẹni tí ó ṣe é ti yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ń jẹun, inú wọn ń kún, ebi kò lọ, nítorí ara tí ń bá irú òtútù bẹ́ẹ̀ jà kò lè ṣe láìsí ọ̀rá. Bọ́tà díẹ̀ tí wọ́n ń pín di ohun iyebíye. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí Sverdrup fi bi Nansen bóyá òróró tí wọ́n fi ń pa bàtà lè pa ènìyàn lára bí ó bá mu ún.

Ní ọjọ́ 19 oṣù September, afẹ́fẹ́ yí sí ẹ̀yìn wọn. Wọ́n so ẹrù pọ̀, wọ́n ta ìgbòkun sí i bíi ti ọkọ̀ ojú omi, ni yìnyín bá ń sá lábẹ́ wọn. Balto ni ó pariwo pé òun rí ilẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n já sínú ọ̀gbun yìnyín. Ní ọjọ́ kejì sí i, wọ́n rí adágún omi, wọ́n sì mu títí ikùn wọn fi le.

Wọ́n dé etí omi ìwọ̀ oòrùn, kò sí ọkọ̀. Nansen àti Sverdrup fi aṣọ àgọ́ àti ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ kan ọkọ̀ kékeré, wọ́n wà á dé Godthaab, tí a ń pè ní Nuuk lónìí, ní ọjọ́ 3 oṣù October, ọjọ́ 49 lẹ́yìn tí wọ́n gbéra. Ará Dẹ́ńmákì kan pàdé wọn. Nígbà tí ó gbọ́ orúkọ Nansen, ó kí i kú oríire oyè ọ̀mọ̀wé tí ó gbà kí ó tó kúrò nílé. Nansen, ní tirẹ̀, ọkọ̀ ni ó ń bèèrè. Ọkọ̀ ìkẹyìn ti lọ láti nǹkan bí oṣù méjì. Wọ́n lọ kó àwọn mẹ́rin yòókù wá, gbogbo wọn sì bá àwọn ará ibẹ̀ gbé ní gbogbo ìgbà òtútù. Oṣù May 1889 ni wọ́n tó padà délé, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì jáde wá pàdé wọn.

Orúkọ Nansen ni ayé mọ̀ jù. Ravna padà sí ìdí ẹran rẹ̀. Balto kọ ìtàn ìrìn náà ní tirẹ̀, ó sì ṣí lọ sí Alaska ní 1898, níbi tí ó kú sí ní 1921. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sọ ajá tí ó ṣíwájú àwọn tí ó gbé oògùn àrùn ọ̀fun wọ ìlú Nome ní 1925. Ère ajá náà ṣì wà ní Central Park ní New York títí di òní.