Ìjà Ilé Ìwòsàn Lewisham

Ilé ìwòsàn Lewisham wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Lewisham lọ sí Catford. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn láti tún ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì rẹ̀ ṣe. Ọmọ tí wọ́n ń bí síbẹ̀ lọ́dọọdún nígbà náà lé ní 4,000. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́ dábàá pé kí wọ́n ti ẹ̀ka pàjáwìrì náà pa, kí wọ́n dín iṣẹ́ ẹ̀ka ìgbẹ̀bí kù, kí wọ́n sì ta ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Lewisham kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò rẹ̀ ló jẹ gbèsè.

Aládùúgbò yìí ni South London Healthcare Trust, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2009 nígbà tó pa ilé ìwòsàn Queen Elizabeth ní Woolwich, Queen Mary's ní Sidcup àti Princess Royal ní Farnborough pọ̀ sábẹ́ àkóso kan. Ètò tí wọ́n ń pè ní PFI ni wọ́n fi kọ́ ti Woolwich àti ti Farnborough. Nínú ètò yìí, ìjọba kì í mú owó ilé kíkọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni yóò yá owó, òun ni yóò kọ́lé, òun náà ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn yóò wá máa sanwó fún un lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè tó ọgbọ̀n tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò náà dùn mọ́ àwọn olóṣèlú nínú, nítorí ilé tuntun yóò dìde lójú wọn, ẹlòmíràn ni yóò sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò lórí oyè. Ní ti ilé ìwòsàn, owó tí kò ṣeé dín ni: bí aláìsàn pọ̀, yóò san án, bí wọn kò pọ̀, yóò san án. Nígbà tó fi di 2012, ohun tí àjọ náà ń pàdánù lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo ti lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Àsìkò náà kò dára fún ẹlẹ́gbèsè. Láti 2010 ni ìjọba David Cameron ti ń dín ìnáwó kù. Owó tí wọ́n ń fún àwọn káńsù já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé àti ibùdó àwọn ọ̀dọ́ sì ń ti ìlẹ̀kùn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gé owó ètò ìlera bíi ti káńsù, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó dá ọgbọ́n sí i kó tó 2015, kó lè fi bílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn pamọ́.

Òfin kan ti wà nílẹ̀ láti 2009 tó fún mínísítà ètò ìlera láṣẹ láti yan alábòójútó àkànṣe lé àjọ ìlera tí kò lè gbé ara rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó tíì lò ó rí. Ní oṣù Keje 2012, Andrew Lansley tó wà nípò mínísítà lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì yan Matthew Kershaw lé South London Healthcare. Wọ́n dìídì ṣe òfin náà kó lè yára ni: ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ péré ni àwọn aráàlú ní láti sọ tẹnu wọn, lẹ́yìn náà ni mínísítà yóò ṣe ìpinnu láìpẹ́.

Àbá Kershaw jáde ní ìparí oṣù Kẹwàá. Ó ní kí wọ́n tú South London Healthcare ká, èyí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni pé ọwọ́ rẹ̀ nà dé Lewisham, tó jẹ́ àjọ ọ̀tọ̀ gbáà. Ìṣirò rẹ̀ kò le láti lóye. Iye aláìsàn tí ilé ìwòsàn bá tọ́jú ni ìjọba fi ń sanwó fún un nígbà náà. Bí Lewisham bá ti ìlẹ̀kùn pàjáwìrì rẹ̀, àwọn aláìsàn yóò gba Woolwich lọ, owó wọn yóò sì tẹ̀ lé wọn. Woolwich nìkan ni yóò wá ku ẹ̀ka pàjáwìrì ńlá sí fún Lewisham, Greenwich àti Bexley, níbi tí nǹkan bí 750,000 ènìyàn ń gbé. Yorùbá ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tí wọ́n fẹ́ gé níbí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Ohun tí àwọn ará Lewisham ń pariwo ní títì nìyí, òun kan náà sì ni agbẹjọ́rò wọn wá fi èdè òfin sọ níwájú adájọ́.

Ẹgbẹ́ tó dìde sí ọ̀rọ̀ náà ni Save Lewisham Hospital. Louise Irvine, dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn ládùúgbò náà, ni alága rẹ̀. Nínú irú ìjà báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń panu mọ́ torí iṣẹ́ wọn. Ní Lewisham, dókítà àgbà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí jáde ní gbangba, wọ́n sì ta ko ìṣirò Kershaw gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ inú iṣẹ́ náà. Ìjọba lè sọ pé ẹ̀rù ló ń ba aráàlú, pé wọn kò mọ ohun tí ìṣègùn òde òní ń fẹ́. Kò rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà tó ń gba aláìsàn lóru. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà ńbẹ̀, àwọn ìjọ wà ńbẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Millwall tó wà nítòsí náà gbè wọ́n. Heidi Alexander tó ń ṣojú ìlà-oòrùn Lewisham nílé aṣòfin gbé ọ̀rọ̀ náà dé Westminster. Steve Bullock, olórí ìlú Lewisham, àti káńsù rẹ̀ náà fàáké kọ́rí. Ó yẹ kí a rántí pé káńsù yìí kan náà ti ti àwọn ilé ìkàwé kan pa ní 2011 nítorí àìsí owó, tí àwọn aráàlú sì wọ́de lòdì sí i. Ẹni tí wọ́n bá jà lánàá lè di ẹni tí wọ́n jọ ń jà lónìí.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní Deptford, New Cross àti Catford, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Fún ẹni nínú wọn tí kò ní mọ́tò, tó ń fi òru ṣiṣẹ́, ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ilé ìwòsàn tí bọ́ọ̀sì kan yóò gbé e dé àti èyí tó di kó wọ bọ́ọ̀sì méjì.

Láti ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2012 ni wọ́n fi gbọ́ èrò aráàlú. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn ènìyàn rò pé ìlànà yìí kò wúlò, pé ìjọba ti pinnu tán kó tó béèrè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á láyè. Láti ìgbà ẹjọ́ kan tó wáyé ní 1985 lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Brent, ẹkùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé-ẹjọ́ ti ń béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ aláṣẹ: kó gbé àbá rẹ̀ síta nígbà tí kò tíì pinnu, kó sọ ìdí tó fi mú un wá, kó fún àwọn ènìyàn ní àyè tó láti ronú, kó sì gbé ohun tí wọ́n sọ yẹ̀ wò tọkàntọkàn. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ irú ìjà yìí dáadáa kì í fi kọ̀ láti dáhùn ìwé ìbéèrè, bó ti wù kó bí wọn nínú tó. Ìwé tí wọ́n bá kọ lónìí ni ẹ̀rí tí wọn yóò tẹ́ síwájú adájọ́ lọ́la.

Wọ́n ń dáhùn ìwé, wọ́n sì ń jáde. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, òjò ń rọ̀, síbẹ̀ iye tó wọ́de lé ní 10,000. Gbólóhùn kan wà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ sára pátákó nígbà ogun àgbáyé kejì, tó ní kí ará ìlú fara balẹ̀, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹgbẹ́ náà yí i padà, wọ́n ní kí ará Lewisham má fara balẹ̀, kí wọ́n bínú, kí wọ́n sì gba ẹ̀ka pàjáwìrì wọn là. Ó lẹ̀ mọ́ fèrèsé ilé àti ṣọ́ọ̀bù kiri. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kínní 2013, nǹkan bí 25,000 ènìyàn rìn láti àárín Lewisham lọ sí pápá Mountsfield. Gbogbo ènìyàn tó ń gbé Lewisham nígbà náà kò ju nǹkan bí 275,000 lọ. Ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wà níbẹ̀, arúgbó wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Jeremy Hunt tó ti gbapò Lansley kéde pé òun gba púpọ̀ nínú àbá náà wọlé. Ó fi omi díẹ̀ là á: ẹ̀ka pàjáwìrì kékeré yóò kù sí Lewisham, agbẹ̀bí nìkan ni yóò sì máa gbẹ̀bí níbẹ̀ láìsí dókítà àgbà. Ó ní ìyípadà náà lè dá ẹ̀mí tó tó ọgọ́rùn-ún sí lọ́dún kan. Àwọn dókítà Lewisham ní iye yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí ìwọ́de lágbára dé nìyẹn. Ó mú mínísítà sún sẹ́yìn díẹ̀, kò mú un yí padà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù pé ìwọ́de nìkan kò tó wà ní Stafford. Ní oṣù Kẹrin 2013, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí àwọn kan fojú bù pé wọ́n tó 50,000, jáde fún ilé ìwòsàn wọn ní ìlú kékeré yẹn. Wọ́n pọ̀ ju ti Lewisham lọ. Ṣùgbọ́n àjọ tó ni ilé ìwòsàn Stafford gan-an ni wọ́n yan alábòójútó lé lórí, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ nítorí ìtọ́jú burúkú tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tú síta. Wọ́n tú àjọ náà ká ní 2014, àwọn aboyún tó nílò dókítà sì ń lọ sí ìlú mìíràn báyìí. Lewisham ní ohun tí Stafford kò ní: ibì kan tí àṣẹ mínísítà ti lè pin.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ẹjọ́ gbà. Káńsù pe ẹjọ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ náà gba ilé-iṣẹ́ amòfin Leigh Day, wọ́n pe tiwọn. Irú ẹjọ́ báyìí kì í béèrè bóyá ìpinnu ìjọba dára tàbí kò dára. Ohun tó ń béèrè kò ju pé ǹjẹ́ ẹni tó pinnu ní àṣẹ láti ṣe é, ǹjẹ́ ó sì tẹ̀ lé ìlànà. Ó lè dun ẹni tó ń jà pé adájọ́ kò ní gbọ́ nípa ọmọ tó kú tàbí tó yè, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn. Ewu mìíràn ni owó: ẹni tó bá pàdánù lè san owó agbẹjọ́rò ẹnì kejì. Ẹgbẹ́ náà ní láti kó owó jọ lọ́wọ́ aráàlú kí wọ́n tó lè kojú ìjọba. Bí wọ́n ṣe ń dúró de ẹjọ́, wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2013, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí aráàlú kalẹ̀ ní Catford, agbẹjọ́rò àgbà Michael Mansfield sì ṣe alága.

Adájọ́ Silber gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, ó sì dájọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ti rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ inú òfin tó ní alábòójútó lè dábàá ohun tó kan àjọ náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò tó láti kan ẹnikẹ́ni tí ìwòsàn gbèsè náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Silber kò gbà. Ó ní àjọ tí wọ́n yan Kershaw lé ni àjọ náà, Lewisham kọ́, nítorí náà Kershaw àti Hunt ti kọjá ààlà àṣẹ wọn. Ó tún fi kún un pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti ṣèlérí pé kò ní sí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn dókítà àdúgbò tó ń ra ìtọ́jú fún aláìsàn fọwọ́ sí i. Àwọn dókítà Lewisham kò fọwọ́ sí i rí.

Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2013, adájọ́ mẹ́ta tí Lord Dyson ṣaájú wọn dá ẹjọ́ náà nù. Ẹ̀ka pàjáwìrì àti ẹ̀ka ìgbẹ̀bí Lewisham dúró bí wọ́n ṣe wà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbé ẹjọ́ lọ ló ń borí. Ní 2011, àwọn tó ń jà fún ilé ìkàwé ní Gloucestershire àti Somerset borí, nítorí àwọn káńsù náà kò ronú tó lórí bí títì wọn yóò ṣe ni arúgbó àti aláàbọ̀ ara lára. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ará Brent pàdánù ní ilé-ẹjọ́ gíga, wọ́n tún pàdánù ní kòtẹ́milọ́rùn, káńsù sì ti mẹ́fà nínú ilé ìkàwé méjìlá. Káńsù Brent ti kọ àwọn ìwé tó yẹ kó kọ. Òfin kò sì lè bi í ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí wọ́n fi dájọ́ kòtẹ́milọ́rùn Lewisham, wọ́n ti tú South London Healthcare ká láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Farnborough bọ́ sọ́wọ́ ilé ìwòsàn King's College. Woolwich sì wá di ti Lewisham, pẹ̀lú gbèsè PFI rẹ̀, lábẹ́ orúkọ tuntun, Lewisham and Greenwich. Lewisham àti Woolwich méjèèjì ṣì ní ẹ̀ka pàjáwìrì.

Ìjọba kò sì jẹ́ kí òfin wà bí adájọ́ ṣe túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ń ti ẹ̀ka tuntun kan bọ inú ìwé òfin ètò ìtọ́jú kó tó di pé ẹjọ́ parí, àwọn ará Lewisham sì tún dìde, wọ́n darapọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ láti ìlú mìíràn láti ta kò ó. Wọn kò borí lọ́tẹ̀ yìí. Ìpín 120 nínú òfin ọdún 2014 náà fún alábòójútó láṣẹ tí Silber ní Kershaw kò ní, pé kó lè dábàá ìyípadà sí ilé ìwòsàn tó wà ní àyíká èyí tó jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ó fi ọjọ́ kún àkókò tí aráàlú ní láti sọ̀rọ̀. Ní ìdìbò 2015, Louise Irvine lọ bá Hunt du ìjókòó rẹ̀ ní Surrey. Hunt ló wọlé.